Orúkọ Tí Ń Sọ Ètò Ara: Bí A Ṣe Ń Ka Orúkọ Àwọn Àdàpọ̀ Kábọ́ọ̀nù

Nínú gbogbo èròjà ìpìlẹ̀ tí ó wà láyé, kò sí èyí tí ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dara pọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó kábọ́ọ̀nù, èròjà tí ó wà nínú èédú, nínú epo, nínú igi, nínú oúnjẹ àti nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí. Ohun tí ó fún un ní agbára yìí ni pé ẹyọ rẹ̀ tí ó kéré jù lọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní átọ̀mù, ní ààyè ìsopọ̀ mẹ́rin, ó sì lè fi wọ́n so mọ́ átọ̀mù kábọ́ọ̀nù mìíràn tàbí mọ́ ti háídrójìn, ọ́síjìn àti náítrójìn, títí tí wọn yóò fi tò gbọọrọ di ẹ̀wọ̀n, tí wọn yóò yọ ẹ̀ka, tàbí tí wọn yóò ká pọ̀ di òrùka. Ohun tí ó bá ti inú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ni à ń pè ní àdàpọ̀ kábọ́ọ̀nù. Àkọsílẹ̀ CAS tí ó wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn èròjà tí a ṣàwárí sílẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, ti ju 200 mílíọ̀nù lọ, ti kábọ́ọ̀nù ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí orí ènìyàn tí ó lè gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tán bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn ń fi orúkọ lé èròjà lórí láìnídìí. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ kẹ́mísírì fi ní ìlànà ìsọmọlórúkọ tirẹ̀, ìlànà tí ó mú kí orúkọ kọ̀ọ̀kan máa sọ bí a ṣe to ohun tí ó ń jẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá gbọ́ Ìdòwú ṣe máa ń mọ̀, kí ó tó rí ẹni náà sójú rárá, pé ìbejì ni ó ṣáájú rẹ̀ wá sáyé.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà lára páálí oògùn, lára ìgò ìpara, lára sìlíńdà gáàsì àti lẹ́yìn páálí ọṣẹ. Sípẹ́lì tí a fi ń tẹ̀ wọ́n sára àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a fi kọ wọ́n níhìn-ín, nítorí pé nígbà mìíràn, lẹ́tà kan péré ni ó ń ya èròjà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Kí ìlànà náà tó fìdí múlẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti rí èròjà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1671, John Ray, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe ásíìdì kan tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n kó èèrà jọ, tí wọ́n sè é, tí wọ́n sì gba omi tí ooru rẹ̀ dà. Nítorí pé formica ni èèrà ń jẹ́ ní èdè Látìnì, formic acid ni orúkọ tí ó mọ́ ásíìdì náà lórí. Acetic acid, tí ó mú kí fínígà kan, gba orúkọ tirẹ̀ láti ara acetum, tí í ṣe fínígà fúnra rẹ̀. Butyric acid, tí ó ń fún bọ́tà tó ti bàjẹ́ ní òórùn, gba tirẹ̀ láti ara bọ́tà. Ásíìdì mẹ́ta mìíràn, caproic, caprylic àti capric, sì gba tiwọn láti ara capra, ìyẹn ewúrẹ́, nítorí pé wọ́n wà nínú wàrà ewúrẹ́, òórùn wọn sì jọ ti òbúkọ.

Epo pupa náà fi orúkọ sílẹ̀ nínú ìtàn yìí, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1840, Edmond Frémy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ásíìdì kan nínú epo pupa tí wọ́n ti fi ṣe ọṣẹ, ní àkókò tí epo ń ti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù fún ọṣẹ àti àbẹ́là, orúkọ ọ̀pẹ ni a sì fi sọ ọ́: palmitic acid. Nínú gbogbo ásíìdì ọ̀rá tí ó wà nínú epo pupa, ásíìdì yìí kó nǹkan bí ìdá 44 nínú 100. Ó wà nínú bọ́tà, nínú ẹran àti nínú ọ̀rá ara ènìyàn pẹ̀lú, síbẹ̀ orúkọ ọ̀pẹ ni gbogbo àgbáyé fi ń pè é títí di òní.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dùn ún gbọ́, ìtàn sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa bí a ṣe to èròjà náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ formic acid àti acetic acid kò lè mọ̀ láti inú orúkọ wọn pé kábọ́ọ̀nù kan ni ó wà nínú èkíní, tí méjì sì wà nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ̀ pé ọmọ ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìṣòro kejì tún le ju èyí lọ. Ní 1830, Jöns Jacob Berzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, pe àkíyèsí sí àwọn àdàpọ̀ tí oríṣi átọ̀mù inú wọn àti iye rẹ̀ dọ́gba rẹ́gí, tí ìwà wọn sì yàtọ̀, isomer ni ó sì pè wọ́n. Ó wá hàn lẹ́yìn náà pé bí a ṣe to àwọn átọ̀mù náà ni ó yàtọ̀. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin àti háídrójìn mẹ́wàá, tí a ń kọ ní C₄H₁₀, lè tò ní ọ̀nà méjì. Bí kábọ́ọ̀nù bá di 10, tí háídrójìn sì di 22, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò di 75. Bí kábọ́ọ̀nù bá sì di 20, tí háídrójìn di 42, ọ̀nà náà di 366,319. Kí ni ènìyàn yóò máa fi pe gbogbo wọn bí orúkọ ẹranko àti ti igi bá tán?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò dé lọ́jọ́ kan. Ní 1787, Guyton de Morveau, Lavoisier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Faransé ti tẹ ìwé ìlànà kan jáde fún orúkọ àwọn èròjà, ṣùgbọ́n àdàpọ̀ kábọ́ọ̀nù tí a mọ̀ nígbà náà kò tíì pọ̀, a kò sì tíì mọ bí a ṣe to wọ́n. Ìgbà tí August Kekulé ọmọ ilẹ̀ Jámánì fi hàn ní 1858 pé ààyè ìsopọ̀ mẹ́rin ni kábọ́ọ̀nù ní, tí ó sì lè so mọ́ ara rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n, ni ọ̀nà ṣí. Ní oṣù kẹrin 1892, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì 34 láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù pàdé ní ìlú Geneva, Charles Friedel ọmọ ilẹ̀ Faransé ni ó ṣe alága wọn, wọ́n sì fẹnu kò pé ara ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù tí ó gùn jù lọ nínú àdàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Àjọ àgbáyé IUPAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ìlànà rẹ̀ sì ni WAEC ń tẹ̀ lé nínú ìdánwò kẹ́mísírì.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń há àwọn orúkọ wọ̀nyí sórí láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bá wọn pàdé, àdánù ńlá sì ni, nítorí pé orúkọ tí a ṣe fún kíkà kì í ṣe ohun tí à ń há sórí. Ohun tí ènìyàn ní láti mọ̀ sórí kò pọ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìpìlẹ̀ kan, tí ó ń sọ iye kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n tí ó gùn jù lọ; ó ní àfòmọ́ ìparí, tí ó ń sọ irú ìdílé tí èròjà náà ti wá; bí ẹ̀ka bá sì wà lára ẹ̀wọ̀n náà, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń dárúkọ rẹ̀, tí nọ́ńbà yóò sì máa tọ́ka sí ibi tí ẹ̀ka náà ti yọ. Ìpìlẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni meth- fún kábọ́ọ̀nù kan, eth- fún méjì, prop- fún mẹ́ta, but- fún mẹ́rin, lẹ́yìn náà pent-, hex-, hept-, oct-, non- àti dec- láti márùn-ún títí dé mẹ́wàá. Láti márùn-ún lọ, oǹkà èdè Gíríìkì ni wọ́n, àyàfi non- tí ó jẹ́ ti Látìnì. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í ṣe oǹkà rárá, àṣẹ́kù orúkọ àtijọ́ ni wọ́n: bọ́tà ni ó wà nínú but-, nígbà tí meth- ti ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún wáìnì àti igi wá, èyí tí Jean-Baptiste Dumas àti Eugène Péligot so pọ̀ ní nǹkan bí 1834 nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ọtí tí a ń rí láti ara igi tí a jó nínú ohun tí a dé pa.

Bí ìdè tí ó wà láàárín àwọn kábọ́ọ̀nù bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí háídrójìn sì gba gbogbo ààyè ìsopọ̀ tó kù, -ane ni orúkọ náà ń parí sí. Methane, CH₄, ni ó pọ̀ jù nínú gáàsì tí a ń wà láti inú ilẹ̀ pẹ̀lú epo rọ̀bì. Ethane ni C₂H₆, propane ni C₃H₈, butane sì ni C₄H₁₀. Propane àti butane ni wọ́n ń rọ sínú sìlíńdà gáàsì ìdáná.

Bí kábọ́ọ̀nù méjì bá lo ààyè méjì méjì láti di ara wọn mú, ìdè ìlọ́po méjì ni wọ́n dá sílẹ̀, -ene ni orúkọ yóò sì parí sí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, ìdè ìlọ́po mẹ́ta ni, -yne ni yóò sì gbẹ̀yìn. August Hofmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó dá a lábàá ní 1866 pé kí àwọn fáwẹ̀lì máa tẹ̀ lé ara wọn bí háídrójìn bá ṣe ń dín kù, nítorí náà ni C₂H₆ ṣe jẹ́ ethane, tí C₂H₄ jẹ́ ethene, tí C₂H₂ sì jẹ́ ethyne. Lẹ́tà kan tí ó wà láàárín ethene àti ethyne yìí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú ọjà èso. Ethene ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, màngòrò àti ìbẹ́pẹ fúnra wọn máa ń tú jáde bí wọ́n bá ti gbó tán tí wọ́n fẹ́ pọ́n, ìdí sì nìyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ó ti pọ́n fi máa ń mú kí àwọn tí ó kù nínú apẹ̀rẹ̀ yára pọ́n. Ethene kan náà ni wọ́n so pọ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti ṣe ọ̀rá tí a fi ń di ọjà àti èyí tí a ń rọ omi mímu sí. Kábáìdì tí àwọn ajórin ń bu omi sí kì í tú ethene jáde ní tirẹ̀, ethyne ni ó ń tú jáde, gáàsì tí iná rẹ̀ gbóná débi pé ó ń yọ́ irin, tí gbogbo ajórin sì mọ̀ sí acetylene. Àwọn tí ń fi kábáìdì pọ́n èso ń lo àǹfààní pé ethyne jọ ethene dé ìwọ̀n tí èso fi lè dá a lóhùn, bí kò tilẹ̀ lágbára tó o. Ṣùgbọ́n kábáìdì ọjà kì í mọ́, ó máa ń ní arsenic àti phosphorus nínú, èyí sì wà lára ìdí tí NAFDAC fi ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe lò ó fún èso. Ẹni tí ó bá sọ pé ohun kan náà tí Ọlọ́run dá mọ́ èso ni òun fi ń pọ́n ọn kò sọ òtítọ́, orúkọ èròjà méjèèjì ti jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ni ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń wọ inú orúkọ. Bí háídrójìn kan bá kúrò lára methane, ohun tí ó ṣẹ́ kù, CH₃, ti ní ààyè láti so mọ́ nǹkan mìíràn, -yl ni a sì ń fi parí orúkọ irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, bí ó ti wà nínú methyl, ethyl àti propyl. Ọ̀nà méjì tí C₄H₁₀ lè gbà tò ti wá rí orúkọ báyìí: bí kábọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tò lórí ìlà kan, butane ni, bí mẹ́ta bá wà lórí ìlà, tí ìkẹrin sì yọ bí ẹ̀ka lára èyí àárín, 2-methylpropane ni, ìyẹn ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù mẹ́ta tí methyl so mọ́ èkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè wà nínú sìlíńdà kan náà, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba, nítorí pé butane ń hó ní ìwọ̀n -0.5°C, èkejì sì ń hó ní nǹkan bí -12°C.

Àpẹẹrẹ tí ó fi gbogbo èyí hàn jù lọ wà nínú epo bẹntiróòlù. Èròjà kan ń jẹ́ 2,2,4-trimethylpentane, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ka orúkọ yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. -ane sọ pé ìdè ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó wà níbẹ̀. Pent- sọ pé ẹ̀wọ̀n náà jẹ́ kábọ́ọ̀nù márùn-ún. Trimethyl sọ pé ẹ̀ka mẹ́ta tí ó ní kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ni ó so mọ́ ọn. 2,2,4 sì sọ pé méjì nínú wọn so mọ́ kábọ́ọ̀nù kejì, ìkẹta sì so mọ́ ìkẹrin. Márùn-ún àti mẹ́ta jẹ́ mẹ́jọ, nítorí náà ni àwọn oníṣòwò epo ṣe ń pè é ní iso-octane, òun sì ni wọ́n fún ní 100 lórí òṣùwọ̀n octane tí a fi ń mọ bí epo ṣe lè jó nínú ẹ́ńjìnnì láìdún gbàgbàgbà. Heptane, tí kábọ́ọ̀nù méje rẹ̀ tò lórí ìlà kan ṣoṣo láìní ẹ̀ka, ni wọ́n fún ní òdo. Òfin kan ṣoṣo ló kù lórí nọ́ńbà: ìpẹ̀kun tí yóò mú kí nọ́ńbà kéré jù ni a ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀wọ̀n, ìdí nìyí tí 2-methylbutane fi wà, tí kò sì sí ohun tí ń jẹ́ 3-methylbutane, nítorí pé bí a bá yí i padà, èkíní náà ni.

Bí ọ́síjìn bá wọ inú ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ ìparí ń di ohun tí ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ìyè àti ikú lè dúró lé e. Nígbà tí ọ́síjìn kan àti háídrójìn kan bá jọ so mọ́ kábọ́ọ̀nù, ìyẹn OH, orúkọ ń parí sí -ol, ìdílé ọtí sì ni èròjà náà. Kí ẹlẹ́mu tó sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ni ìwúkàrà inú ẹmu ti ń sọ ṣúgà rẹ̀ di ethanol, ọtí oníkábọ́ọ̀nù méjì. Bí ẹmu bá wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn yóò fi ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sọ ethanol di ethanal, wọn yóò sì tún sọ ethanal di ethanoic acid, tí í ṣe ásíìdì inú fínígà, ẹmu yóò sì kan. Eth- kò kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé kábọ́ọ̀nù méjèèjì kò yà. Ìparí ni ó ń yí padà, láti -ol sí -al, láti -al sí -oic acid, bí háídrójìn ti ń kúrò tí ọ́síjìn sì ń wọlé. Ohun kan náà ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe nínú ara ẹni tí ó mutí, ethanoic acid tí ó sì gbẹ̀yìn jẹ́ ohun tí ara mọ bí yóò ṣe lò.

Methanol ni arákùnrin ethanol tí ó kéré sí i ní kábọ́ọ̀nù kan. Kò ní àwọ̀, bí ethanol kò ti ní, òórùn wọn jọra, ẹ̀dọ̀ kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ọ̀nà kan náà ni ó ń mú wọn gbà. Ẹni tí ó bá ti mọ orúkọ kà lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: methanol yóò di methanal, èyí tí wọ́n ń po mọ́ omi láti fi tọ́jú òkú, methanal yóò sì di methanoic acid, tí í ṣe ásíìdì èèrà tí John Ray kọ̀wé nípa rẹ̀. Ara ènìyàn kì í yára gbá ásíìdì yìí dànù. Ńṣe ni ó ń kóra jọ, tí ó ń ba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, tí ó sì lè pa ènìyàn. Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn ènìyàn kan ní Òde-Ìrèlè àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í ké orí fífọ́, ojú wọn ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lo ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó kú. Àwọn kan kọ́kọ́ gbà pé òrìṣà ìlú ni ó ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé methanol ni, ó sì ti inú ọtí tí wọ́n mu wọlé sí wọn lára. Àwọn dókítà a máa fún ẹni tí ó bá tètè dé ilé ìwòsàn ní ethanol fúnra rẹ̀ tàbí oògùn fomepizole, kí iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe lórí methanol lè dúró, kí ara sì rí àyè tú u jáde kí ó tó di ásíìdì.

Ipò OH lórí ẹ̀wọ̀n náà ní ìtumọ̀. Propan-1-ol ní i ní ìpẹ̀kun, propan-2-ol sì ní i láàárín; èkejì yìí ni wọ́n ń lò nínú sanitáísà tí a fi ń ra ọwọ́ àti nínú òwú tí nọ́ọ̀sì fi ń nu awọ kí ó tó gún abẹ́rẹ́. Bí OH bá jẹ́ méjì, -diol ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, -triol. Propane-1,2,3-triol ni glycerine tí a ń fi pa ara, propane-1,2-diol, tí àwọn apoògùn ń pè ní propylene glycol, sì ni omi tí wọ́n fi ń yọ́ èròjà inú ọ̀pọ̀ oògùn olómi, kì í sì í ṣe májèlé ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ó. Ṣùgbọ́n èròjà mìíràn wà tí ń jẹ́ diethylene glycol, omi dídùn tí ó jọ propylene glycol, tí owó rẹ̀ kò tó ti propylene glycol, tí ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn olómi tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń hu eyín ní Nàìjíríà ní diethylene glycol nínú, ọmọ tí ó lé ní 80 ni ó sì kú. Glycol ni orúkọ ìnagijẹ àwọn méjèèjì parí sí, ibẹ̀ ni ewu wà. Orúkọ ìlànà kò fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ara wọn: propane-1,2-diol jẹ́ ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù mẹ́ta tí ó ní OH méjì, 2,2′-oxydiethanol sì jẹ́ ethanol méjì tí ọ́síjìn kan so pọ̀ láàárín.

Àwọn tí orúkọ wọn parí sí -one kò ní pẹ́ kà: propanone, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí acetone, ni omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, ọ́síjìn rẹ̀ sì so mọ́ kábọ́ọ̀nù àárín pẹ̀lú ìdè ìlọ́po méjì. Ti àwọn ásíìdì ni ó gbòòrò. Gbogbo wọn ní kábọ́ọ̀nù kan ní ìpẹ̀kun tí ó di ọ́síjìn méjì mú, kábọ́ọ̀nù yìí sì wà lára iye tí à ń kà. Ásíìdì ọ̀pẹ tí Frémy rí ń jẹ́ hexadecanoic acid, nítorí pé kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Lauric acid, tí ó pọ̀ jù nínú àdín, ń jẹ́ dodecanoic acid, nítorí pé tirẹ̀ jẹ́ méjìlá. Stearic acid inú òrí sì ń jẹ́ octadecanoic acid, nítorí pé tirẹ̀ jẹ́ méjìdínlógún. Bí ásíìdì bá fi háídrójìn rẹ̀ sílẹ̀ fún sodium tàbí potassium, -oic yóò di -oate, irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ọṣẹ. Sodium palmate tí a ń rí lẹ́yìn páálí ọṣẹ ìwẹ̀ kò ju epo ọ̀pẹ tí wọ́n fi sódà sè lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọtí ni ásíìdì bá so pọ̀, orúkọ yóò di ọ̀rọ̀ méjì, ti ọtí ni yóò ṣáájú: 3-methylbutyl ethanoate ni ó ń fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní òórùn dídùn rẹ̀, òun kan náà sì ni oyin máa ń tú jáde láti fi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ síjà nígbà tí ó bá ta ènìyàn.

Kì í ṣe pé orúkọ àtijọ́ ti kú. Nínú ìlànà tí IUPAC tẹ̀ jáde ní 2013, àjọ náà fúnra rẹ̀ yan acetic acid, formic acid àti acetylene gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí ó fẹ́ràn jù fún àwọn èròjà wọ̀nyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni ní ethanoic acid, methanoic acid àti ethyne. Ìpinnu tí ó mọ́gbọ́n dání ni èyí, nítorí pé àwọn orúkọ náà ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ó gba pé kí òǹkàwé mọ orúkọ méjèèjì.

Ẹni tí ó bá ti bá ọ̀rọ̀ yìí dé ibí lè ka orúkọ tí ó gùn dáadáa. Oògùn ara ríro tí wọ́n ń pè ní ibuprofen, tí Stewart Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń jẹ́ 2-[4-(2-methylpropyl)phenyl]propanoic acid nínú ìwé àwọn onímọ̀. Propanoic acid ni ó gbẹ̀yìn, nítorí náà ásíìdì oníkábọ́ọ̀nù mẹ́ta ni. Lára kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kejì ni phenyl so mọ́, ìyẹn òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tí a rí nígbà tí benzene bá pàdánù háídrójìn kan. Ní ipò kẹrin lórí òrùka náà, ní òdìkejì gẹ́lẹ́ sí ibi tí ásíìdì ti so mọ́ ọn, ni 2-methylpropyl wà, tí í ṣe 2-methylpropane inú sìlíńdà gáàsì tí ó ti fi háídrójìn kan sílẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ẹ̀ka yìí ni isobutyl, ti ásíìdì náà sì ni propionic. Láti ara isobutyl, propionic àti phenyl ni wọ́n ti gé ibu, pro àti fen, tí wọ́n sì so wọ́n pọ̀ di orúkọ tí a ń rí lára páálí oògùn náà.